Ibn al-Baytar: Ọmọ Oníṣègùn Ẹran Tó Di Olórí Àwọn Onímọ̀ Ewé

Níbi wáàsí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, a máa ń gbọ́ kí olùbánisọ̀rọ̀ ka orúkọ àwọn Mùsùlùmí onímọ̀ ayé àtijọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà: Ibn Sina, al-Razi, al-Khwarizmi, Ibn al-Haytham. Àwa náà a ké Allahu Akbar, a ó sì gbọn aṣọ wa nù, ó di ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi wá léèrè ohun tí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ẹnu wa a wọhò. Nítorí náà ni ojú ewé ìtàn ayé àwọn ẹni iwájú ṣe mú ẹnì kan ṣoṣo lóṣù yìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà sí nínú àwọn tí à ń kà, kí a lè rí iṣẹ́ rẹ̀ ní kedere.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Diya al-Din Abu Muhammad Abdullah ibn Ahmad, ará Málaga. Ayé mọ̀ ọ́n sí Ibn al-Baytar. Ní èdè Lárúbáwá, baytar ni ẹni tó ń tọ́jú ẹran tó ń ṣàìsàn, pàápàá ẹṣin. Ọmọ oníṣègùn ẹran ni ìtumọ̀ orúkọ náà, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí ó fi kú, bí a ti ń pe ẹlòmíràn ní ọmọ alágbẹ̀dẹ nílẹ̀ wa kódà bí kò fọwọ́ kan ọmọ owú rí. Nǹkan bí ọdún 1197 ni wọ́n bí i ní agbègbè Málaga, ní gúúsù ilẹ̀ tí à ń pè ní Sípéènì lónìí. Andalus ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ilẹ̀ náà nígbà yẹn, àwọn ló sì ń ṣe ìjọba apá gúúsù rẹ̀.

Kí wọ́n tó bí i ni ìmọ̀ ewé ti fìdí múlẹ̀ ní Andalus, bí ó sì ṣe débẹ̀ jẹ́ ìtàn tó dùn ún gbọ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí Ànábì Isa, ọkùnrin Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Dioscorides kọ ìwé ńlá lórí ewé, egbò, òkúta àti ohun ara ẹran tí a fi ń ṣe oògùn. Àwọn atúmọ̀-èdè ní Baghdad, Istifan ibn Basil àti Hunayn ibn Ishaq, sọ ìwé náà di Lárúbáwá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án. Ibi tí wàhálà wà ni pé ewé tí Istifan kò bá mọ orúkọ rẹ̀ ní Lárúbáwá, orúkọ Gíríìkì rẹ̀ náà ló kọ síbẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí Ọlọ́run bá fi mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà tó di ọdún 948, ọba Róòmù tó wà ní Constantinople fi ìwé Dioscorides yìí ránṣẹ́ sí Khalifa Abd al-Rahman kẹta ní Córdoba, ní èdè Gíríìkì, pẹ̀lú àwòrán àwọn ewé náà nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn ọba ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ka Gíríìkì ní Córdoba! Ọdún 951 ni ọba náà tó rán mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Nicolas wá. Mọ́ńkì yìí, Hasdai ibn Shaprut tó jẹ́ oníṣègùn Júù, àti àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí ìlú náà jọ jókòó ti ìwé kan ṣoṣo, wọ́n ń wádìí orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan títí èyí tó ṣòro fún wọn fi kù díẹ̀.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ orúkọ yìí. Ẹ̀gẹ́ ni ẹlòmíràn ń pe ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní gbágùúdá, tí ẹlòmíràn sì ń pè ní pákí, ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti oúnjẹ, ẹ̀rín la ó fi í rín. Bí ó bá jẹ́ ti ewé oògùn, tí orúkọ kan náà wá ń jẹ́ ti ewé méjì, tí ọ̀kan ń wo ikọ́ tí èkejì jẹ́ májèlé, ẹni tó ṣìnà níbẹ̀ lè gbẹ̀mí ènìyàn. Iṣẹ́ tí Ibn al-Baytar fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn: láti rí i pé ewé tí à ń wí nínú ìwé ni ewé tó wà lọ́wọ́.

Lọ́dọ̀ Abu al-Abbas al-Nabati ní Seville ló ti kọ́ ìmọ̀ náà jù lọ. Nabat ni ohun tó ń hù láti inú ilẹ̀. Al-Nabati sì ni ẹni tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé onímọ̀ hadith ni ọkùnrin yìí pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ hadith kì í gba ọ̀rọ̀ kankan láìbéèrè pé ta ló gbọ́ ọ, lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ, ṣé olóòótọ́ ni, ṣé orí rẹ̀ pé nígbà tó gbọ́ ọ. Lójú tèmi, kì í ṣe èèsì pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló kọ́ Ibn al-Baytar ní ìmọ̀ ewé, nítorí ìbéèrè kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń bi lórí ewé: ta ló rí i, níbo ló ti rí i, ṣé òun fúnra rẹ̀ lò ó ni àbí ó kàn gbọ́ ọ? Al-Nabati ti lọ sí ìlà-oòrùn ní nǹkan bí ọdún 1216, ó ṣe Hájì, ó ń wo ewé ní gbogbo ibi tó gbà kọjá. Ọba Íjíbítì fi owó oṣù lọ̀ ọ́ pé kó dúró, ó ní Hájì lòun bá wá, òun ń padà sọ́dọ̀ ará ilé òun. Ó padà sí Seville lóòótọ́, ibẹ̀ ló sì kú sí. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò padà ní tirẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1219 sí 1220, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, Ibn al-Baytar dágbére fún Andalus. Ó gba etíkun àríwá Áfíríkà: Mòrókò, Bijaya àti Constantine tó wà ní Àlgéríà òní, Tunis, Tripoli, Barqa, títí ó fi dé ilẹ̀ àwọn Róòmù níbi tí à ń pè ní Tọ́kì báyìí. Kì í ṣe ìrìn àjò ẹni tó ń wá ọrọ̀. Ibi tó bá dé, àwọn tó ń fi ewé ṣe iṣẹ́ ló ń wá kàn, ìbáà jẹ́ Lárúbáwá, Berber tàbí Gíríìkì, yóò bi wọ́n ní orúkọ ewé náà lédè wọn, yóò ní kí wọ́n mú òun dé ibi tó ti ń hù.

Ní agbègbè Bijaya ni ìtàn ewé atrilal ti wá, òun ló sì wù mí jù nínú gbogbo ohun tó kọ. Atrilal jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn Berber, ẹsẹ̀ ẹyẹ ni wọ́n ń pe ewé náà nítorí bí ó ti rí. Àrùn kan wà tó máa ń sọ ara ènìyàn di funfun lábàlábà. Baras ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, ó sì wà nínú Àlùkùránì nínú àwọn àìsàn tí Ànábì Isa wò sàn pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́run. Kì í ran ni, kì í pani, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ẹni tó ní in kò dára rárá. Àwọn mìíràn a pè é ní adẹ́tẹ̀, wọ́n a máa sá fún un, ọmọbìnrin tí ó bá sì hàn lójú rẹ̀ a máa jìyà ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́nà ọkọ. Ìdílé Berber kan lágbègbè Bijaya ni wọ́n mọ ìtọ́jú rẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn aláìsàn ti ń wá bá wọn. Wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ewé tí wọ́n ń lò: bàbá ń fi han ọmọ, ọmọ ń fi han ọmọ tirẹ̀, wọ́n sé e mọ́ inú ilé. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá.

Nígbà tó yá, Ọlọ́run tú àṣírí rẹ̀, ó sì di mímọ̀ fún àwọn mìíràn. Ibn al-Baytar kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún kí gbogbo ayé lè rí i kà: bí ewé náà ṣe rí, pé hóró rẹ̀ ni a ń lò, bí a ṣe ń fún aláìsàn jẹ, àti pé lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́, kó lọ jókòó sínú oòrùn tó mú, kí ibi tó funfun náà sì wà ní ìhòòhò kí oòrùn lè bà á. Ó sọ pé ibẹ̀ yóò lé ròrò, omi yóò jáde lára rẹ̀, àwọ̀ ara yóò sì máa padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Oògùn jíjẹ pẹ̀lú oòrùn! Ẹlòmíràn lè sọ pé àṣà àwọn ará àtijọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1947, àwọn onímọ̀ ará Íjíbítì, Fahmy àti Abu-Shady, yọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ jáde láti inú hóró ewé náà, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Ammi majus. Lọ́dún 1948, Dókítà El-Mofty ní Cairo kọ̀wé nípa bí òun ṣe lò ó fún àwọn tó ní àrùn yìí. Èròjà náà nìkan kì í ṣe nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ lára. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá bà á ló tó ń jí ohun tó ń fún ara ní àwọ̀. Láti ọdún 1974 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti ń fi èròjà yìí pẹ̀lú iná ultraviolet tọ́jú àwọn àrùn ara ní ilé ìwòsàn. Ìdílé Berber wọ̀nyẹn kò mọ̀ nípa kẹ́míkà kankan, síbẹ̀ ohun tí wọ́n rí jẹ́ òótọ́. Ẹ jọ̀wọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán èyí wò nílé: ó lè jó ara gan-an, bí wọ́n bá sì lò ó pẹ́, ó lè fa jẹjẹrẹ ara. Iṣẹ́ dókítà ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìrìn àjò rẹ̀. Íjíbítì ló parí sí. Sultan al-Kamil ló ń jọba níbẹ̀, ọmọ àbúrò Salahuddin tí gbogbo wa mọ̀. Ìjọba rẹ̀ kò rọgbọ, nítorí láti ọdún 1218 títí di 1221 ni àwọn ológun àgbélébùú fi dó ti ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gba ìlú Damietta mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó lé wọn. Síbẹ̀ ọba yìí ráyè fún àwọn onímọ̀. Ó fi Ibn al-Baytar ṣe olórí gbogbo àwọn tó ń fi ewé ṣe iṣẹ́ ní Íjíbítì. Oyè yìí kì í ṣe ti ṣekárími: ọwọ́ ẹni tó wà nípò bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí wà, bóyá ewé tí wọ́n ń tà fún aráàlú ni ewé tí wọ́n pè é lóòótọ́. Nígbà tí agbára al-Kamil dé Damascus, Ibn al-Baytar bá a lọ síbẹ̀, ó sì rí àyè wo ewé ilẹ̀ Síríà pẹ̀lú.

Ní Damascus lọ́dún 633 lẹ́yìn Híjírà, ìyẹn bí ọdún 1236, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá a kọ́ ẹ̀kọ́. Ibn Abi Usaybia ni orúkọ rẹ̀, òun ló sì padà kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé àwọn oníṣègùn. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ sẹ́yìn odi Damascus, wọ́n ń wo ewé níbi tó ti hù. Ó ròyìn pé ọ̀gá òun jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ àti ọlọ́làwọ́, pé bí àwọn bá jókòó ti ìwé, ọ̀gá òun yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí Dioscorides pe ewé náà ní Gíríìkì bí ó ti yẹ̀ ẹ́ wò nílẹ̀ Róòmù, yóò sọ ohun tí Galen wí, lẹ́yìn náà ohun tí àwọn tó kẹ́yìn wọn wí, àti ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ta kora. Orí ni gbogbo èyí ti ń wá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá délé, yóò ṣí ìwé wò, kò sì ní rí ohun tí ọ̀gá fò. Ó tún máa ń sọ apá tí ewé náà wà nínú ìwé Dioscorides tàbí ti Galen, àti ipò kẹèló tó wà nínú ìtò náà.

Lẹ́yìn tí al-Kamil kú lọ́dún 1238, ó di ẹni iyì lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, al-Salih Ayyub. Fún ọba yìí ló kọ ìwé ńlá rẹ̀, Kitab al-Jami li-Mufradat al-Adwiya wa al-Aghdhiya, èyí tó kó oògùn àti oúnjẹ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 1,400 ohun ló wà nínú rẹ̀: ewé, igi, èso, òkúta, ẹran àti oúnjẹ. Ó tò ó ní álífù-báà kí ó lè rọrùn fún ẹni tó ń wá nǹkan. Ó dárúkọ tó bí 150 òǹkọ̀wé tó ti kọ̀wé ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì kọ sábẹ́ orúkọ onítọ̀hún. Kò jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sọ di tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó là á yé òǹkàwé pé ohun tí ojú òun bá rí tó sì dájú lòun gbà. Ohun tó bá lòdì sí èyí tí òun fi ojú rí, òun yóò jù ú nù, ẹni yòówù kó sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ẹni àtijọ́ tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ó ní òun yóò tọ́ka sí gbogbo ibi tí àṣìṣe ti wọ iṣẹ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé ìwé àti ẹnu àwọn ẹlòmíràn. Ó sì kọ orúkọ ewé ní oríṣiríṣi èdè, ti Berber àti ti àwọn ará Andalus tí kì í ṣe Lárúbáwá wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin tó mọ̀ nípa ọbẹ̀ yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ata wà nínú ìwé náà. Ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ̀ ń rò. Filfil ló wà níbẹ̀, ata oníhóró dúdú tó ń wá láti Íńdíà, ìbátan iyèré tiwa. Ata rodo, tàtàṣé àti ṣọ̀mbọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà; ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, ọdún 1492 ni Columbus sì tó débẹ̀, ọdún 244 lẹ́yìn ikú Ibn al-Baytar. Iyèré àti ataare ni àwọn baba ńlá wa fi ń jẹun kí ata pupa tó dé. Galen ka filfil mọ́ ohun gbígbóná tó ń mú ara gbẹ, Dioscorides sì ní ó ń mú oúnjẹ dà nínú. Ohun mìíràn tí Dioscorides sọ ni pé igi kan náà ló ń so ata gígùn, ata funfun àti ata dúdú, pé gígùn ló ń kọ́kọ́ yọ. Igi kan náà ló ń so funfun àti dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ata gígùn yàtọ̀. Ibn al-Baytar kó gbogbo ìwé Dioscorides sínú tirẹ̀, àṣìṣe yìí sì bá a wọlé. Kò dé Íńdíà rí. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú ló ní lọ́wọ́, ìdí sì nìyí tí kíkọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ fi ṣe pàtàkì: ẹni tó dé Íńdíà lẹ́yìn rẹ̀ yóò mọ ẹni tó yẹ kó bi léèrè.

Ó tún kọ al-Mughni, níbi tó ti to oògùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ara tó ń ṣàìsàn, kí oníṣègùn tó ń tọ́jú etí má baà máa wá a kiri inú gbogbo ìwé. Ó kọ àlàyé lórí ìwé Dioscorides. Ó sì kọ òmíràn tó fi tú àṣìṣe inú ìwé Ibn Jazla, oníṣègùn Baghdad, síta. Wọ́n ń da al-Jami kọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Bulaq ní Cairo ní ọdún 1291 lẹ́yìn Híjírà. Lucien Leclerc, dókítà ọmọ ogun Faransé tó ti ṣiṣẹ́ ní Àlgéríà, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Páríìsì láàárín ọdún 1877 sí 1883. Al-Jami wà ní ilé ìkàwé títí dòní, ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá lè kà á bí Ibn al-Baytar ti kọ ọ́.

Damascus ni ikú ti bá a, lójijì, ní oṣù Ṣáábàánì ọdún 646 lẹ́yìn Híjírà, ní ìparí ọdún 1248. Kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta lọ. Nínú oṣù Ṣáábàánì yẹn kan náà, ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá ọdún 1248, Seville tí ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ al-Nabati bọ́ sọ́wọ́ Ferdinand, ọba Castile, lẹ́yìn tí ó ti dó tì í fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọ̀nà ti jìn tó láàárín Seville àti Damascus, ìròyìn náà kò lè bá a láyé. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kí Ó sì forí jìn ín.